Ojú Ìsopọ̀ Ni Ìgbì Ń Gbà Wọlé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ohun Tí A Fi Ń Bo Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín kú ìjókòó. Ẹ sì kú ooru. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a fi ń bo ẹ̀rọ kí ìgbì iná, irú èyí tí fóònù àti rédíò ń lò tí ojú kò lè rí, má baà máa dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí n wọnú ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti ń lo fóònù láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà lọ́dún 2001 ló mọ ohùn kan. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tàbí sípíkà. Kí fóònù tó dún, sípíkà á ti kọ́kọ́ ṣe “tì-tì-tì, tì-tì-tì, dírírírí”. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi í pa idán fún ọmọdé: “Ẹ dákẹ́, ẹnì kan fẹ́ pè mí.” Kò sí idán níbẹ̀. Fóònù GSM kì í bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ láìdánudúró. Ńṣe ló ń fọ́n ìgbì jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí èèyàn kò lè gbọ́ ìgbì 900 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì (ìyẹn èyí tó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 900 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n waya sípíkà gbà á mú bí áńtẹ́nà, tìránsísítọ̀ inú rẹ̀ sì sọ títàn-àti-kíkú ìgbà 217 yẹn di ohùn. Òun lẹ ń gbọ́.

Ti sípíkà tiẹ̀ dára, torí ó ń pariwo fún wa. Ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù kì í pariwo. Ìwọ̀n tó ń díwọ̀n epo kì í pariwo. Nọ́ńbà tí kò yẹ kó yí padà ló máa yí, a ó sì máa bú ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Bí àbò ẹ̀rọ bá kùnà, kì í sábà jẹ́ pé irin rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ibi tí irin ti pàdé irin ló sábà máa ń jẹ́, tàbí waya tó gba ara irin náà kọjá. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí àwa oníṣẹ́ lọ ra ohun èlò àbò, ìnípọn irin la kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1836, ní Royal Institution nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Michael Faraday kan yàrá kékeré kan tí òòró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá-méjìlá, ó sì fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀. Ó wọ inú rẹ̀ lọ tòun ti ohun èlò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà níbì kan. Wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ ta iná ńlá sára yàrá náà láti ìta. Iná ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí lóde, ṣùgbọ́n ohun èlò ọwọ́ Faraday nínú yàrá kò mira. Iná tó bá dé ara irin á tàn ká ojú ìta rẹ̀, títí agbára tó yẹ kó ráyè wọnú yóò fi pa ara rẹ̀ rẹ́. Gbogbo àpótí irin tí a fi ń bo ẹ̀rọ lónìí, ọmọ yàrá yẹn ni.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn àbò. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Tí wọ́n bá ní àbò kan jẹ́ 20 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìgbì tó wọlé ti kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ 40, ó kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ 60, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí fóònù tí ẹ gbé sínú ìkòkò, tí ẹ sì fi ọmọrí dé, ṣì lè dún. Ìkòkò náà ṣiṣẹ́ o! Ó lè ti dín ìgbì kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bí òpó bá wà nítòsí, ìdá kan yẹn ṣì tó fóònù gbọ́ dáadáa.

Irin ń ṣe nǹkan méjì fún ìgbì: ó ń dá èyí tó pọ̀ jù padà, ó sì ń gbé lára ìyókù mì. S. A. Schelkunoff, tó ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, ti ṣe ìṣirò méjèèjì láti 1943, ìṣirò rẹ̀ náà ni àwọn ẹnjiníà ṣì ń lò. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ìgbì tó ń yára mì kì í wọ inú irin lọ jìnnà. Ẹ mú bàbà. Iná NEPA tó ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá á wọ inú bàbà tó mìlímítà 9.3 kí agbára rẹ̀ tó kù sí nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ ìgbì 1 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, mìlímítà 0.066 péré ni. Tó bá dé 1 gígáhẹ́ẹ̀tì (ìgbà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá), ládùúgbò ibi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, ó ti di mìlímítà 0.002.

Ẹ wá wo fọ́ìlì alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń wé ẹja. Ó nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 0.016. Ní 1 gígáhẹ́ẹ̀tì, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ibi tí ìgbì lè wọ̀ dé nínú alumíníọ̀mù. Tí ẹ bá fi ìṣirò Schelkunoff wò ó, fọ́ìlì ẹja yìí ju 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ. Ìyẹn ni pé fún ìgbì fóònù, Wi-Fi àti Bluetooth, irin tó rọrùn jù lọ́jà ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Bàbà dára ju alumíníọ̀mù lọ díẹ̀, fàdákà dára ju bàbà lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jiyàn lórí èwo ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi àkókò ṣòfò. Ibòmíràn ni ìjà wà.

Àyàfi tó bá jẹ́ agbára òòfà tó ń falẹ̀ mì. Ìyẹn ni ẹjọ́ mìíràn. Ẹ rántí tẹlifíṣọ̀n onígò àtijọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń dàrú tí ẹ bá gbé sípíkà ńlá tì í. Bàbà kò lè gbèjà irú ìyẹn, fọ́ìlì kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń kọjá. Ohun tí ẹ nílò níbẹ̀ ni irin tí òòfà fẹ́ràn láti gbà kọjá, kó lè fà á gba ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ náà ká. Irin lásán tó nípọn ń ṣe díẹ̀. Èyí tó ń ṣe é jù ni mu-metal, tí nǹkan bí ìdá 77 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ níkẹ́lì, tí ìyókù sì jẹ́ irin pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ mìíràn. Lọ́dún 1923 ni Willoughby Smith àti Henry Garnett ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í tiẹ̀ ṣe torí àbò ni wọ́n ṣe ṣe é: wáyà tẹlígíráàfù abẹ́ òkun ni wọ́n fẹ́ fi wé, kí ọ̀rọ̀ lè máa yára dé òdìkejì.

Mu-metal gbẹgẹ́ o. Wọ́n ní láti yan án nínú iná nǹkan bíi 1,100 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, láàárín afẹ́fẹ́ háídírójìn, kí ó tó lè gba òòfà dáadáa. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí ẹ bá lu ihò sí i, tàbí tí ọmọ iṣẹ́ bá jẹ́ kó já bọ́ lulẹ̀, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ojú kò sì ní rí nǹkan kan tó yí padà lára rẹ̀. Ó tún máa ń tètè yó. Tí agbára òòfà bá le jù, á yó tán, ìyókù á sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi irin lásán bo ìta, kí ìyẹn kọ́kọ́ gba èyí tó le, kí mu-metal wá bójú tó ìyókù nínú.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síbi tí ìjà wà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aláǹgbá àti ìgbì kì í wo ihò bákan náà. Fífẹ̀ ni aláǹgbá ń wò: ṣé orí mi gbà á? Ìgbì kò ka fífẹ̀ sí rárá. Gígùn ló ń wò. Ojú tó là tó ṣe tóóró bí irun orí, tí bébà kò tilẹ̀ lè gbà kọjá, tó bá ti gùn tó ìdajì gígùn ìgbì náà (ìyẹn ibi tó ń rìn dé nígbà tó bá mì lẹ́ẹ̀kan), ẹnu ọ̀nà ni. Kódà ó burú ju ẹnu ọ̀nà lọ, torí ó ń di áńtẹ́nà tó ń ti ìgbì jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ìgbì 1 gígáhẹ́ẹ̀tì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ìdajì rẹ̀ ni 15. Ẹ wá wo àpótí irin tí ìbòrí rẹ̀ ní sìkúrú mẹ́rin péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Irin rẹ̀ lè nípọn bíi ti sééfù báńkì, àbò rẹ̀ ní 1 gígáhẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tí ẹ bá fi sìkúrú kún un títí àlàfo kankan kò fi ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ, ẹ ti rí nǹkan bíi 20 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Owó sìkúrú nìyẹn. Ẹ fi wé owó irin.

Nítorí náà, ihò kéékèèké ẹgbẹ̀rún kan kò léwu tó ojú kan tó gùn. Ẹ wo ilẹ̀kùn máíkírówéèfù. Ìgbì inú rẹ̀ ń mì ní 2.45 gígáhẹ́ẹ̀tì, gígùn rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 12. Irin tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ló wà lójú gíláàsì rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, tí ìgbì rẹ̀ kéré gan-an, ń gba ihò náà jáde, ẹ sì ń rí ọbẹ̀ yín bó ṣe ń yí. Èyí tó ń gbóná ọbẹ̀ kò lè jáde. Ohun tó gba ọgbọ́n jù lára máíkírówéèfù kì í ṣe ihò wọ̀nyẹn o, etí ilẹ̀kùn ni. Wọ́n gbẹ́ kòtò sí i yíká, wọ́n sì wọn kòtò náà débi pé ìgbì tó bá fẹ́ gba etí ilẹ̀kùn jáde á bá ara rẹ̀ pàdé, á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Wọ́n mọ̀ pé irin méjì kì í pàdé dáadáa.

Ilé onípáànù náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, ìta la ń jáde sí. Páànù ń dá ìgbì padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í lọ tán, torí fèrèsé wà, ẹnu ọ̀nà wà, àlàfo sì wà láàárín òrùlé àti ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá tí ìgbì kò ní wọ̀ rárá, bí irú èyí tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ MRI (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara) sí ní ọsibítù ńlá, ní láti fi bàbà tàbí irin bo ògiri, àjà àti ilẹ̀, kó sì rí i pé ilẹ̀kùn pàápàá fara kan férémù rẹ̀ yíká. Ẹ̀rọ MRI tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ 1.5 tẹ́sílà ń tẹ́tí sí ohùn kékeré láti inú ara èèyàn ní nǹkan bí 64 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì. Tí ariwo láti ìta bá wọlé bá a, ilà á fà gbọọrọ lójú àwòrán, dókítà kò sì ní rí ohun tó ń wá.

Ohun tí wọ́n ṣe láti dí ojú ìsopọ̀ pọ̀ lọ́jà, gásíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Èyí tó jọ eyín òòyà wà, tí wọ́n fi bàbà àti bẹ̀ríílíọ̀mù ṣe kó lè máa ta bíi síprìǹgì. Waya tí wọ́n hun wà. Fóòmù tí wọ́n fi aṣọ oníníkẹ́lì wé wà, tó rọ̀ tó sì ń tẹ̀ dáadáa sí etí ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà sílíkónì tí wọ́n po ẹ̀lọ̀ irin (irin tí wọ́n lọ̀ kúnná) mọ́ náà wà: èyí ń dí ìgbì, ó sì ń dí omi òjò pẹ̀lú, ó yẹ fún àpótí tó máa wà lórí òpó.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀dà àti ìpẹtà, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa nílẹ̀ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù. Mo ti rí àpótí tí wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá sí, tí wọ́n wá fi ọ̀dà kun gbogbo etí rẹ̀ kó lè dára lójú. Ọ̀dà kì í gbé iná. Gásíkẹ́ẹ̀tì jókòó sórí ọ̀dà, kò kan irin, owó lọ. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kẹ́míkà yí àwọ̀ rẹ̀ padà, tó ń dán bíi fèrèsé ilé ìgbàlódé, bákan náà ló rí: ojú rẹ̀ kì í gbé iná. Ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí gbọ́dọ̀ jẹ́ irin pọ́ńbélé tàbí ohun tí wọ́n fi irin mìíràn pa lójú.

Ìpẹtà ńkọ́? Tí bàbà tàbí fàdákà bá fara kan alumíníọ̀mù níbi tí omi iyọ̀ wà, alumíníọ̀mù náà ni yóò jìyà. Èkó nìyẹn, Bàdágìrì nìyẹn, Kútọnu àti Lomé nìyẹn: afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ kiri lọ́sàn-án lóru. Àpótí tó yege ní yàrá ìdánwò lónìí lè di ahẹrẹpẹ lẹ́yìn òjò díẹ̀, tí ìyẹ̀fun funfun á ti gba ojú ìsopọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Létí òkun, gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi níkẹ́lì pa ẹ̀lọ̀ rẹ̀ lójú ni mo máa ń fẹ́ràn lórí alumíníọ̀mù ju oníbàbà lọ, kódà tó bá jẹ́ pé oníbàbà ló ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ìwé yẹn kò gbé létí òkun.

Ike kì í dí ìgbì rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ike ni ara ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lónìí. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan, ẹ wo inú ike rẹ̀: ẹ ó rí i tó ń dán bíi fàdákà. Ọ̀dà oníníkẹ́lì tàbí oníbàbà ni wọ́n fọ́n sí i, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi kẹ́míkà tó fi irin fẹ́lẹ́ pa á lójú. Ẹ má ṣe fi bébà yanrìn há a kúrò torí pé ẹ fẹ́ kó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an. Àwọn ìdérí irin kéékèèké tó bo àwọn áíísì (ègé dúdú kéékèèké tó ń ṣe iṣẹ́ inú fóònù) lórí páńẹ́lì, tí ẹ máa ń fi bílówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ká kúrò kí ẹ tó lè dé ìdí iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn kan kì í dá a padà. Fóònù á tàn, oníbàárà á sanwó, á lọ. Lẹ́yìn náà, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun kò dà bíi tàtẹ̀yìnwá. Kò lè dà bẹ́ẹ̀: ariwo láti ara áíísì tó ń ṣe ìṣirò ti ń dà sínú etí èyí tó ń gbọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nínú fóònù kan náà. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ ìdérí náà padà yíká.

Mo ti sọ ti irin, mo ti sọ ti ojú ìsopọ̀, ó ku waya. Àpótí tí wọ́n dí láìkù síbì kan, tí waya lásán kan ṣoṣo gba ara rẹ̀ jáde, ti bàjẹ́. Waya náà á gbá ariwo jọ lóde, á gbé e wọlé, á tú u sílẹ̀ láàárín ilé. Ìdí nìyẹn tí waya fi máa ń ní aṣọ irin tirẹ̀, bíi waya sátẹ́láìtì tó ní fọ́ìlì àti waya híhun lábẹ́ awọ rẹ̀. Aṣọ irin yẹn gbọ́dọ̀ fara kan àpótí yíká-yíká níbi tó ti ń wọlé. Àṣà tí a ní, pé ká lọ́ ọ pọ̀ bí ìrù kí a sì fi sìkúrú kan dè é, ń ba iṣẹ́ jẹ́ tí ìgbì bá ti ń yára mì. Kókó dúdú roboto tó wà lẹ́nu waya kọ̀ǹpútà alágbèéká náà kì í ṣe òǹtẹ̀. Fẹ́ráìtì ni, tí Yogoro Kato àti Takeshi Takei ṣàwárí ní Tókíò lọ́dún 1930. Ó ń sọ ariwo tó fẹ́ gba ara waya kọjá di ooru díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé tí wọ́n bá ti ṣe ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn waya tó so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀, ó tán. Ẹ ṣe ẹ́ẹ̀tì o, torí ẹ̀mí yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kò ní ẹ́ẹ̀tì lókè níbẹ̀, àbò inú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

Ọkọ̀ òfurufú tún mú mi rántí ohun tuntun. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo Boeing 787 kì í ṣe irin mọ́, òwú kábọ́nì àti gúlúù ni. Kábọ́nì ń gbé iná díẹ̀, kò tó ti alumíníọ̀mù, nítorí náà wọ́n ní láti tẹ́ àwọ̀n bàbà sínú awọ rẹ̀ nítorí mànàmáná. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá báyìí ni ohun tó fúyẹ́ bí ike tó sì ń dí ìgbì bí irin. Èyí tó gba iwájú ni MXene, tí wọ́n ṣàwárí ní Drexel University ní Filadẹ́fíà lọ́dún 2011. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ láti Kòríà àti Drexel fi hàn pé èyí tí wọ́n fi títáníọ̀mù àti kábọ́nì ṣe, tó nípọn tó mìlímítà 0.045, ń fúnni ní 92 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Inú mi dùn sí i. Ẹ lè fọ́n ọn sára ike bí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sára àpótí tó ní sìkúrú mẹ́rin yẹn, kí ẹ wá sọ iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tó kù fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to íńfátà àti sólà, ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi láti yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ wá rédíò kékeré tó ní AM, ẹ yí i síbi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan, ẹ gbé e rìn yí íńfátà ká nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ti pariwo jù lẹ ti máa wá àtúnṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní jẹ́ lára àpótí íńfátà fúnra rẹ̀. Ara waya bátìrì tó gùn, tí ẹ pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni. Ẹ ké waya náà kúrú, ẹ so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa rìn, ẹ tún gbọ́ rédíò náà.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè. Bọ̀dá kan béèrè pé ṣé sítíkà kékeré tí wọ́n ń tà fún lílẹ̀ sẹ́yìn fóònù, tí wọ́n ní ó ń dí ìgbì kó má baà wọ orí èèyàn, ń ṣiṣẹ́. Mo ní tó bá jẹ́ pé sítíkà ló máa dí ìgbì, á jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ bo gbogbo fóònù, fóònù náà kò sì ní lè bá òpó sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá wá dí apá kan nínú ìgbì náà, ó lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí fóònù tí kò gbọ́ òpó dáadáa máa ń gbé agbára rẹ̀ sókè kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa irú ọjà bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá náà ní òun ti ra mẹ́ta. Mo ní kó ká a kúrò, kó fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra fẹ́ráìtì.